Ajílẹ̀ Inú Òjò

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan a máa jáde lọ sí pápá kan ní Wye, lápá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, láti lọ gbé korobá òjò. Korobá náà wà lórí ẹ̀rọ tó gbọ́n ju bó ti rí lójú lọ. Ọmọrí rẹ̀ kì í ṣí bí òjò ò bá rọ̀. Bí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá kán sórí ẹ̀rọ, ọmọrí a yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òjò bá dá, a tún padà bò ó, kí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ má baà kó sínú rẹ̀. Ẹni tó wá gbé e a fi òmíràn tó mọ́ rọ́pò rẹ̀, a sì fi omi ọ̀sẹ̀ náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ibùdó tó ju igba lọ káàkiri Amẹ́ríkà. Ọdún 1978 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rẹ́rìn-ín pé kí ni wọ́n ń wá nínú omi òjò. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ò ní rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé omi odò tí a pọn wọ́n ẹ̀fọ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́ bí òjò ti í ṣe é. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí àrá sán, tí mànàmáná kọ yẹ̀rì, láàárín ọjọ́ mélòó kan ewé á ti dúdú minimini. Apá tó pọ̀ nínú ìyẹn jẹ́ ti omi fúnra rẹ̀ àti ti ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti ohun tí òjò kó mọ́ra kó tó balẹ̀. Ajílẹ̀ wà nínú òjò. Náítírójìn lorúkọ ajílẹ̀ ọ̀hún, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń wá nínú korobá Wye.

Nínú ìwọ̀n 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú, 78 ló jẹ́ náítírójìn. Síbẹ̀ ewéko kò rí i lò. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, àmọ́ ohun tí ewéko ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kì í dá rìn: méjì méjì ni wọ́n ń so mọ́ra, ìdè wọn sì yi débi pé gbòǹgbò kankan ò lè tú u. Mànàmáná lè tú u, nítorí ooru rẹ̀ pọ̀. Àwọn kòkòrò tíńtínní tó ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà náà mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀pà sí léṣìí fi máa ń gba àgbàdo dáadáa lọ́dún yìí. Fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, ìwọ̀nba tí mànàmáná àti irú àwọn kòkòrò wọ̀nyí bá tú ni gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ń pín jẹ.

Ọmọ aráyé wá kún un lọ́nà méjì. Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe ọ̀kan. Ní 1909, Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, fi hàn pé òun lè fi ooru àti ìfúnpọ̀ sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di amóníà. Carl Bosch ti ilé iṣẹ́ BASF sọ ọgbọ́n náà di iṣẹ́ ńlá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Oppau ní 1913. Ibẹ̀ ni fàtàláísà inú àpò tí à ń rà lọ́jà ti ṣẹ̀ wá, àwọn onímọ̀ sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà láyé lónìí ló ń tipa rẹ̀ rí oúnjẹ jẹ. Ọ̀nà kejì, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Níbikíbi tí iná bá ti ń jó tí ooru rẹ̀ ga gan-an, nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, nínú jẹnẹrétọ̀, nínú ààrò àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi èédú pèsè iná mànàmáná, ìdè náítírójìn á tú, á fara mọ́ ọ́síjìn, á bá èéfín jáde. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Àmọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ló ti ń wá oko tí yóò balẹ̀ sí.

Lókè lọ́hùn-ún, oòrùn àti ọ̀rinrin á sọ èéfín yìí di ásíìdì. Apá kan á bá òjò wálẹ̀, òun ni korobá ń gbè. Apá kejì kì í dúró de òjò. Bí eruku ṣe ń bà sórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ló ń bà sórí ewé, òrùlé, ọ̀dà títì àti ojú omi, lọ́sàn-án gangan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Korobá ò lè gbe ìyẹn, ọmọrí rẹ̀ ti dé. Ẹ̀rọ mìíràn àti ìṣirò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kò jìn láti Wye dé etí omi Chesapeake. Ọ̀sà ni màá pè é, nítorí ẹni tó bá mọ Ọ̀sà Èkó á tètè lóye rẹ̀: omi odò ń wọ̀ ọ́ láti òkè, omi òkun ń wọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, méjèèjì ń pàdé láàárín. Kìkì pé ti Chesapeake tóbi. Ó gùn tó 200 máìlì, odò Susquehanna nìkan ló sì ń gbé nǹkan bí ìdajì omi tí kò níyọ̀ wọ inú rẹ̀. Pẹ̀lú bó ti gbòòrò tó yẹn, kò jìn rárá. Tí a bá pín in dọ́gba, jíjìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 21, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì wà tí ọkùnrin tó ga díẹ̀ lè wọ́dò já kí omi má bo orí rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò ní ibú tó lè gbé ẹ̀gbin mì kó má hàn lójú rẹ̀.

Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú ọ̀sà yìí tó 64,000 máìlì onígun mẹ́rin, ó sì kan ìpínlẹ̀ mẹ́fà, láti New York títí dé Virginia, àti olú ìlú Amẹ́ríkà pàápàá. Nígbà tí Maryland, Virginia, Pennsylvania, olú ìlú àti ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́ lórí àtúnṣe ọ̀sà náà ní 1983, ilẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò: omi ẹ̀gbin tó ń ti ìlú jáde, ìgbẹ́ màlúù, fàtàláísà tí òjò ń gbá kúrò lóko. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tí omi rẹ̀ dọ̀tí a kọ́kọ́ wo òkè odò.

Ṣùgbọ́n òfurufú náà ní òkè odò tirẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ṣírò ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn ojú ọ̀run tó ń bọ́ sí Chesapeake ti ń gbéra, wọ́n rí i pé ó tó 570,000 máìlì onígun mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ ibẹ̀. Nàìjíríà lódindi kò tó 360,000. Ó dé Ohio, ó dé Kentucky, ó dé Indiana, ó wọ Kánádà. Ẹni tó ń tan iná sínú ilé rẹ̀ ní Ohio lè má tíì fojú kan Chesapeake rí láyé rẹ̀, kí omi odò tó ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ilé rẹ̀ sì máa lọ sí Mississippi, síbẹ̀ kí èéfín iná náà máa jí ilẹ̀ fún ewéko inú ọ̀sà Maryland. Ààlà ìpínlẹ̀ tí wọ́n fà sórí máàpù kò dé òkè yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé náítírójìn yìí wọ inú omi. Àwọn ewéko kan wà níbẹ̀ tó kéré débi pé ojú lásán kò rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, omi á pọ́n bí tíì tàbí kó rí bí ọbẹ̀ ewédú. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní ewé omi. Wọn kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ni ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ, kí ẹja ńlá tó jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Ohun tó ń dá wọn lẹ́kun ni ebi. Ìyá tó ń sebẹ̀ mọ̀ pé bí ata, epo àti ẹran bá pé, tí iyọ̀ ò sí, ọbẹ̀ ò tíì jiná. Nínú omi etíkun, pàápàá nígbà ooru, náítírójìn ni iyọ̀ tó máa ń wọ́n yẹn. Onímọ̀ nípa òkun kan, Alfred Redfield, ló ṣàkíyèsí pé bí ewé omi bá lo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ẹyọ kan, á lo náítírójìn tó nǹkan bí 16. Bí ọ̀run bá wá bu náítírójìn sí i, ìkòkò tó ti ń retí iyọ̀ ló bu ú sí.

Ìgbà tí ewé omi ń gbèrú kọ́ ni wàhálà ńlá ń dé, ìgbà tí wọ́n bá kú ni. Ẹja ò lè jẹ gbogbo wọn tán. Wọ́n á rì sí ìsàlẹ̀, àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan jẹrà á dé bá wọn, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa mí, ọ́síjìn tó wà nísàlẹ̀ á máa tán lọ. Ká ní atẹ́gùn ń po omi òkè mọ́ tìsàlẹ̀ ni, ọ́síjìn tuntun ì bá máa wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà ooru, omi odò tó fúyẹ́ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ á léfòó sórí omi iyọ̀ tó wúwo, bí epo pupa ti í léfòó lójú ọbẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì wà bí inú ìkòkò tí a dé ní ìdérí. Bí ọ́síjìn bá ti wálẹ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú lítà kan lọ, ọ̀pọ̀ ẹja ò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Ọdọọdún lèyí ń ṣẹlẹ̀ ní ibú Chesapeake nígbà ooru. Ẹja tó lè sá á sá. Akàn á sún wá sí etí omi tí kò jìn, wọ́n á máa gun ara wọn níbẹ̀. Ọ́ísítà tó ti lẹ ìkarawun rẹ̀ mọ́ ojú kan kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá.

Ọ̀rọ̀ ọ́ísítà yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Omi ni ọ́ísítà ń fà sínú, á sẹ́ oúnjẹ inú rẹ̀, á tú omi tó ti mọ́ padà síta. Ní 1988, onímọ̀ kan, Roger Newell, ṣírò rẹ̀ pé kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ wa wọ́n bí ẹni ń wa iyanrìn ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọ́ísítà Chesapeake pọ̀ débi pé wọ́n lè sẹ́ gbogbo omi ọ̀sà náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ìwọ̀nba tó kù lásìkò tí ó kọ̀wé rẹ̀ yóò lò tó nǹkan bí ọdún kan kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìparun méjì ló pàdé ara wọn níbẹ̀: ẹnu ènìyàn jẹ asẹ́ tán, kí ajílẹ̀ tó dé láti ọ̀run. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì, bóyá ọ̀sà ì bá rí i mú mọ́ra.

Koríko abẹ́ omi náà ní ìpín tirẹ̀. Ó nílò oòrùn bí àgbàdo ṣe nílò rẹ̀. Bí ewé omi bá bo ojú omi, òkùnkùn á ṣú nísàlẹ̀, koríko á kú. Inú koríko yìí sì ni akàn ń fara pa mọ́ sí nígbà tó bá bọ́ èèpo rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Maryland, pàápàá ní Prince George's County, mọ akàn ọ̀hún dáadáa. Òun ni wọ́n ń bu ata sí ju bí àwọn onílé ti í bu ú sí lọ.

Ta wá ló kọ́kọ́ wòkè? Hans Paerl wà lára wọn. Ní University of North Carolina ló wà, ohun tó ṣe kò sì ju ohun tí ọmọ ilé ìwé lè lóye lọ: ó gbe omi òjò, ó pò ó mọ́ omi òkun tó bù ní etíkun North Carolina, ó wò ó bóyá ewé omi á pọ̀ sí i. Wọ́n pọ̀ sí i. Ó kọ èsì náà sínú ìwé ìròyìn Nature ní 1985. Ní 1988 ni ẹgbẹ́ Environmental Defense Fund gbé ìwádìí jáde pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin náítírójìn tí ènìyàn ń dà sí Chesapeake ló ń gba ojú ọ̀run wọlé. Ìṣirò tó wá lẹ́yìn tiẹ̀ gbé e dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sójú omi tààrà. Èyí tó pọ̀ jù ń bọ́ sórí ilẹ̀ ná, ibi tó bá sì balẹ̀ sí ló ń sọ bí yóò ṣe rìn. Igbó á gba èyí tó pọ̀, á fi ṣe ewé àti igi. Ọ̀dà títì àti kọnkéré ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í gba nǹkan kan. Òjò tó bá tẹ̀ lé e á gbá a sínú gọ́tà, gọ́tà á gbé e fún odò.

Òfin tó wá yí ọ̀rọ̀ padà kò bá ti ọ̀sà wá. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tún Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ wọn ṣe ní 1990, ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ni wọ́n ń rò, pẹ̀lú òjò ásíìdì tó ń pa adágún omi àti igbó. Àwọn ilé iṣẹ́ iná ní láti fọ èéfín wọn. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wọn lò máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: amóníà ni wọ́n ń fọ́n sínú èéfín náà, kí náítírójìn tó ti tú lè padà di méjì méjì, kó sì wọ inú afẹ́fẹ́ lọ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí iná tú láìmọ̀, amóníà tí Haber fi agbára ṣe ni wọ́n ń fi so ó padà. Mọ́tò náà ti ní tirẹ̀ láti nǹkan bí 1981, agolo kan tó wà lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kátálíìsì. Pulatínọ́ọ̀mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà níwọ̀n kékeré.

Ọ̀sà kàn jẹ àjẹmọ́ ni. Ní 2013, onímọ̀ kan, Keith Eshleman, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn odò tó ń ti inú igbó orí òkè Appalachia ṣàn wá ti ń mọ́ sí i. Kò sí oko ńlá níbẹ̀, kò sí ìlú ńlá tí ẹnì kan tún omi ẹ̀gbin rẹ̀ ṣe. Èéfín tó dín kù lójú ọ̀run ló fa á. Kí ìyẹn tó dé, lóṣù Kejìlá 2010, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, EPA, ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ohun tó lè wọ Chesapeake lọ́dún: náítírójìn tó ń ti àwọn ìpínlẹ̀ àti olú ìlú wá ò gbọdọ̀ ju nǹkan bí mílíọ̀nù 84 kílógíráàmù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ya nǹkan bí mílíọ̀nù 7 mìíràn sọ́tọ̀ fún èyí tó ń bọ́ sójú omi tààrà láti òfurufú, EPA sì gba ìyẹn sórí ara rẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ wo ló lè pe afẹ́fẹ́ Ohio lẹ́jọ́? Ní 2017, koríko abẹ́ omi Chesapeake kọjá 100,000 éékà, ohun tí wọn ò rí rí látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Àtúnṣe omi ẹ̀gbin ìlú náà lọ́wọ́ sí i, kí n má fi gbogbo ọpẹ́ fún ọ̀run. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òjò tó pọ̀ jù gbá koríko púpọ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ń kọminú ni amóníà. Ní ilẹ̀ tó yọ sáàárín Chesapeake àti òkun Àtìláńtíìkì, tí wọ́n ń pè ní Delmarva, wọ́n ń sin nǹkan bí mílíọ̀nù 600 adìyẹ lọ́dún. Ẹni tó bá ti wọ inú ilé adìyẹ tí wọn ò tíì kó ìgbẹ́ rẹ̀ mọ òórùn tó máa ń ta ojú tó sì ń gba imú ènìyàn. Amóníà nìyẹn, náítírójìn tó ti di ajílẹ̀ pátápátá, tí ewé omi sì ń gbé mì láìṣòro. Kì í rìn jìnnà bí èéfín ilé iṣẹ́ iná. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa balẹ̀ nítòsí, nítòsí yẹn sì ni ọ̀sà wà. Bí èéfín mọ́tò àti ti ilé iṣẹ́ ṣe ń dín kù, ìpín amóníà ń pọ̀ sí i nínú ohun tí korobá ń gbè, ní Amẹ́ríkà lápapọ̀ ó ti ju ìdajì lọ. Òfin tó le mọ́ ọ̀pá èéfín kò le mọ́ adìyẹ: kò sí òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀ tó sọ iye amóníà tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Lójú tèmi, òṣèlú ló wà nídìí ẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná kò pọ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀pá èéfín rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ pọ̀, ó ń dìbò, gbogbo wa la sì ń jẹ adìyẹ.

Ilẹ̀ tiwa náà ní korobá. Ní Djougou, ní apá àríwá Benin, àwọn onímọ̀ ti ń gbe òjò wò láti mọ ohun tí iná ìgbẹ́, ẹran ọ̀sìn àti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sókè. Djougou jìnnà sí etíkun, òórùn ọ̀dàn ni ti òjò rẹ̀. Lókè Ọ̀sà Èkó, jẹnẹrétọ̀ àti sàlẹ́ńsà ló ń sọ̀rọ̀, omi abẹ́ rẹ̀ sì ti ń gba ẹ̀gbin ìlú tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tó so ọ̀sà méjèèjì pọ̀. Èbúté Baltimore, létí Chesapeake, wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó mọ́tò tòkunbọ̀ sínú ọkọ̀ òkun wá sí èbúté Tin Can ní Èkó. Mọ́tò tí òfin Maryland ti fọ èéfín rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kátálíìsì rẹ̀, bí àwọn olè Baltimore ò bá ti kọ́kọ́ fi ayùn gé e lọ. Mo gbé irú rẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan nítorí iná orí dáṣíbọọ̀dù tó kọ̀ tí kò kú. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n, kátálíìsì yín ló dí. Ẹ jẹ́ n bá yín yọ ọ́ dànù, kí n jó páìpù lásán síbẹ̀, mọ́tò á máa fò. Ẹ má sì dà á nù o. Bọ̀dá kan ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí tó ń rà á, owó gidi ló ń fún èèyàn."

Mo bi í pé níbo ni bọ̀dá náà ń kó o lọ. Ó nu ọwọ́ sí àkísà, ó ní wọ́n ń kó o padà sí òkè òkun.